Àdúrà Tí Wọ́n Pè Ní Ìpàdé Òṣèlú

Òórùn tùràrí ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bàbá mi, káfíńtà, jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nígbà ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa làwọn ará ìjọ ti ń gbàdúrà. Àwọn méjì nínú wọn ń ṣe ẹgbẹ́ alátakò. Ìyẹn ti tó. Akódà, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, dé, ó ní ìpàdé òṣèlú láìgba ìwé àṣẹ ni, ó sì mú bàbá mi lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un. Ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn, alága ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ládùúgbò wa, òun kan náà ló jókòó ṣe adájọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Lọ́yà kò sì gbọdọ̀ gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé nígbà náà, mo sì ti kọ́ orí tó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sórí. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Èmi ò tíì rí èèkù, mo ti ń bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti lọ bẹ adájọ́ nílé. Wọ́n ti fẹnu kò: kí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ ní kóòtù, kó ní òun jẹ̀bi, kó máa lọ sílé.

“Dọ̀bálẹ̀, àbúrò mi,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ náà ní kóòtù.

Mo dìde. “Bàbá, ẹ má dọ̀bálẹ̀. Ẹ ò ṣẹ̀. Òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti sin Ọlọ́run yín.”

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé, ṣé kí n dìde fún ọ ni?”

Bàbá mi wò mí. Ó gbà mí gbọ́, ó sì dúró ṣánṣán. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni wọ́n jù ú sí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé ẹ̀hónú sí ìjọba ní Ìbàdàn; n kò rí èsì kan. Tòun ti ikọ́ ni bàbá mi ti ẹ̀wọ̀n dé. Kò bá mi wí lọ́jọ́ kan, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Inú yàrá ló ti ń gbàdúrà lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn á wà ní títì, ètè nìkan ló ń mì. Kò rí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e.

Mo ti darúgbó báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá bá mi láti Àgọ́-Ìwòyè: wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé láìsọ ẹ̀sùn, ó fẹ́ mọ ohun tí òfin wí. Mo mọ̀ ọ́n, láti ìlà dé ìlà. Mo ní kó lọ bẹ̀ wọ́n.