Ọwọ́ Àrẹ̀mọ Ti Kan Etí

Ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́. Mo sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà títí ẹnu fi ń ro mí, ṣùgbọ́n Bàbá Onípákó, ọ̀gá mi, kò gbọ́. Ó sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú orín lẹ́nu, ó ń pariwo kí gbogbo àdúgbò wa, Pedro, lè gbọ́.

"Ọwọ́ Àrẹ̀mọ ti kan etí o! Ẹ wá wò ó! Ọwọ́ rẹ̀ ti kan etí!"

Àrẹ̀mọ tí ó ń wí yìí kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ọmọ ẹṣin ni, akọ, pupa, tí funfun díẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Ohun tí ọ̀gá mi rí kò ju pé ara ń yún ọmọ ẹṣin náà, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, ó fi họ etí. Kò sí ọmọ ẹṣin tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún náà ni ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, àwọn tíṣà káàkiri Ṣómólú àti Bàrígà sì ń ní kí àwọn ọmọdé gbé ọwọ́ kọjá lórí, kí wọ́n fi kan etí òdìkejì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án ti tó ilé-ìwé, ẹni tí kò bá kàn án á padà sílé lọ máa jẹun sí i. Ọ̀gá mi rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gbé òfin náà wọ ilé ẹṣin.

Èmi Làmídì, ọmọ Ìlọrin ni mí. Iṣẹ́ ẹṣin ni bàbá mi ṣe títí ó fi kú, òun ló sì kọ́ mi. Nígbà tí mo dé Èkó, òyìnbó kan ni mo kọ́kọ́ bá tọ́jú ẹṣin. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé, ó ta abo ẹṣin rẹ̀ fún Bàbá Onípákó, Ìjẹ̀bú kan tó ń ta pákó ní Ṣómólú, èmi náà sì bá ẹṣin lọ bí ẹni pé mo wà lára ẹrù. Ọ̀gá tuntun yìí kò mọ ibi tí wọ́n ń dúró sí lára ẹṣin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó bi mí bóyá ẹṣin ń jẹ ẹ̀bà.

A kò mọ̀ pé abo ẹṣin náà lóyún. Nígbà tó bímọ, ẹsẹ̀ kò gbèrò lágbàlá wa. Obìnrin ni gbogbo ọmọ Bàbá Onípákó, ó sì sọ ọmọ ẹṣin náà ní Àrẹ̀mọ. Ó sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ ni, pẹ̀lú oyin àti iyọ̀. Èmi ni mo di orí ọmọ ẹṣin mú kí wọ́n lè fi oyin kàn án lẹ́nu, wọ́n sì ń wò mí pé kí n ṣe àmín. Mo ṣe é. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ohun tí ọ̀gá mi ń fẹ́ ni ìpàtẹ ẹṣin tí wọ́n máa ń ṣe ní pápá eré ẹṣin l'Ékòó. Nínú ìpàtẹ náà, àyè wà fún àwọn ọmọ ẹṣin. Ẹnikẹ́ni kì í gùn wọ́n. Okùn ni wọ́n fi ń mú wọn jáde síwájú adájọ́. Adájọ́ á ní kí o rìn ín, kí o sá a díẹ̀, kí o sì dá a dúró. Á fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀, á ya ẹnu rẹ̀ wo eyín. Nínú gbogbo rẹ̀, dídúró ló le jù, nítorí ọmọ ẹṣin kò rí ìdí tí ẹ̀dá fi gbọ́dọ̀ dúró sójú kan láàárín èrò.

Bàbá mi a máa sọ pé eyín ẹṣin ń sọ ọjọ́ orí, kì í sọ ọgbọ́n. Ọ̀nà tirẹ̀ láti mọ ọmọ ẹṣin tó ti tó ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìyá kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè jẹ koríko láìrí ìyá rẹ̀, ọmọ ọmú ni, bó ti wù kó ga tó. Bó bá jẹun, kí àlejò wá gbé pátákò rẹ̀ sókè. Bó bá gbà fún àlejò, kí wọ́n ṣí agboòrùn níwájú rẹ̀ lójijì. Agboòrùn yìí dá ọ̀pọ̀ ẹṣin padà sílé ní Ìlọrin. Ọ̀kan tí wọ́n kánjú mú jáde nígbà tí mo wà lọ́mọdé já okùn láàárín èrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ọ̀bẹ ni wọ́n fi parí rẹ̀ lójú mi. Bí mo bá ní ẹṣin kò tíì tó, ohun tí mò ń rí nìyẹn.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé Àrẹ̀mọ yege. Ó jẹun láìrí ìyá rẹ̀. Ó gbé pátákò fún àlejò bí ẹni tó ń na ọwọ́ kí ènìyàn. Nígbà tí mo ṣí agboòrùn, ó wá fi ẹnu pọ́n ọn lá. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Ó yege nínú ti bàbá rẹ," ọ̀gá mi wí, "ó yege nínú ti tíṣà. Kí ló kù?"

"Ọ̀gá, kò tíì tó."

"Kí ló kù, Làmídì? Ṣé ó dìgbà tó bá hu irùngbọ̀n?"

"Ẹ jẹ́ ká fi di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Mo ti sọ fún gbogbo Ṣómólú. Bí ìwọ ò bá mú un lọ, màá wá ẹni tí yóò mú un lọ."

Mo mọ ẹni tí yóò rí. Yóò rí ẹni tí kò mọ ìjánu yàtọ̀ sí gàárì, tí yóò fi okùn wé ọwọ́, tí yóò sì pa ẹṣin náà fún mi. Ni mo bá ní kí a rìn ín láti Pedro dé Palmgrove lẹ́bàá títì Ìkòròdú, kí ìyá rẹ̀ dúró sílé. Bó bá lọ tó bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́jọ́ mọ́. Ọ̀gá mi gbà, ó ní òun fúnra òun ni yóò di okùn mú nítorí òun ni bàbá rẹ̀. Mo ní kó bọ́ agbádá. Ó ní bàbá kì í jáde níhòòhò.

Bí a ṣe gbéra nìyẹn, tí idajì àdúgbò sì tẹ̀ lé wa. Ìyá ẹṣin ń ké nílé. Àrẹ̀mọ yíjú lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé títì, lọ́rì kan fọn fèrè sí wa létí, Àrẹ̀mọ kò tilẹ̀ gbọn ìrù. Agbádá ọ̀gá mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹṣin kò kà á sí. Ọ̀gá mi ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, inú ń bí mi sí ọmọ ẹṣin náà pé kò ṣe ohun tí mo sọ pé yóò ṣe.

Ìgbà náà ni Màmá Ìlàjẹ yọ lódìkejì títì. Obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ ni, létí ọ̀sà ní Bàrígà ló ń gbé. Láràárọ̀ tó bá ń kiri kọjá lágbàlá wa, a máa ké sí ọmọ ẹṣin náà, a sì máa yọ ìrèké fún un láti inú ìró rẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bá a jà. Ó ní ta ló ń fi ìrèké du ọmọ? Òun nìkan kọ́, gbogbo Pedro ni. Ẹni tó bá ti pè é ti ní nǹkan lọ́wọ́.

"Àrẹ̀mọ! Ọkọ mi! Ibo lẹ̀ ń lọ?"

Àrẹ̀mọ kò dúró wo títì. Ó já lọ bá a tààrà, ó ń wọ́ ọ̀gá mi tẹ̀ lé e. Lọ́rì tó ń bọ̀ tẹ bíréèkì, gbogbo wa pariwo, eruku bo ojú mi. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Màmá Ìlàjẹ ti jókòó sílẹ̀, ẹja rẹ̀ ti fọ́n káàkiri. Ọ̀gá mi wà nínú gọ́tà, agbádá rẹ̀ ti ya dé èjìká, ṣùgbọ́n okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Àrẹ̀mọ dúró tì wọ́n, orúnkún rẹ̀ ti bó, ó ń wá ìrèké.

Mo fọwọ́ pa ẹsẹ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀. Kò kán. Inú wá bí mi gan-an, mo yí sí gbogbo wọn, mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ gidi sọ fún àgbà. Ọ̀gá mi jókòó sínú gọ́tà, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Làmídì," ó wí, "nígbà wo ni yóò wá tó?"

Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo ti ń wá nìyẹn.

"Ọjọ́ tí wọ́n bá pè é tí kò jẹ́."

A kò mú un lọ ìpàtẹ ọdún yẹn mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyà jẹ mí ní Pedro ju bó ti jẹ ẹṣin lọ. Ọmọ ẹṣin kò ṣòro kọ́, àdúgbò ló ṣòro kọ́. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fún un ní nǹkan mọ́ àyàfi láti ọwọ́ mi. Wọ́n ní òǹrorò ni mí. Mo tún ní kí Màmá Ìlàjẹ máa wá láràárọ̀ bó ti ń ṣe, kó pè é, kó má fún un ní nǹkan kan. Òun ni èyí dùn jù. Yóò pè é, Àrẹ̀mọ yóò fa okùn, èmi yóò dá a dúró, màmá yóò sì gbé igbá ẹja rẹ̀, yóò máa lọ láìwẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Làmídì, Ọlọ́run á bi ọ́." Mo ní kó bi mí. Àwa méjèèjì ṣe é títí ọmọ ẹṣin náà fi ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí kò sì gbé ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, lọ́rì pákó ọ̀gá mi ló kó Pedro lọ sí pápá. Èmi ni mo di okùn mú. Ọ̀gá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Màmá Ìlàjẹ fi gèlè di ara rẹ̀ lẹ́nu kó má baà ṣèèṣì sọ̀rọ̀. Àrẹ̀mọ rìn, ó sá, ó dúró. Adájọ́ fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀, ó ya ẹnu rẹ̀, ó fún wa ní rìbọ́n ẹni kẹta. Pedro pariwo bí ẹni pé ẹni kẹta ló ń ṣíwájú.

Bí a ti ń jáde lọ ni a kọjá níwájú wọn. Màmá Ìlàjẹ kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó tú gèlè lẹ́nu.

"Àrẹ̀mọ! Ọkọ mi!"

Mo di okùn mú gírígírí, ṣùgbọ́n kò sídìí. Etí Àrẹ̀mọ kan ṣoṣo ló yí sí ọ̀dọ̀ màmá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀, ó ń bá mi rìn lọ.

"Kò mọ̀ mí mọ́," màmá wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó mọ̀ yín, Mà," mo wí. "Ó gbọ́. Kò jẹ́ ni."

"Ṣé ohun tí ẹ ń pè ní tító nìyẹn?"

Odidi ọdún kan ni mo fi bá wọn jà nítorí ọjọ́ yẹn, ó sì yẹ kí inú mi dùn. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dùn tó bí mo ṣe rò. Nígbà tí a dé ìdí lọ́rì, mo tú okùn lọ́rùn Àrẹ̀mọ. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá mi, ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ ki imú bọ inú ìró Màmá Ìlàjẹ. Ìrèké wà níbẹ̀. Mo yíjú sí ibòmíràn bí ẹni tí kò rí i.