Kọ̀ntírólà Tí Mo Gbé Lọ Sílé Àna

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ sólà tó mi ní gbogbo Òṣogbo. Oṣù mẹ́ta péré ni mo ti gba fúríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Old Garage, síbẹ̀ mo ti ń rìn bí ẹni tó dá oòrùn. "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ni ọ̀gá mi máa ń wí bí a bá fẹ́ yan kọ̀ntírólà, ìyẹn àpótí kékeré tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, tí kì í jẹ́ kí iná wọlé ju bó ti yẹ lọ. A ó kó wáàtì gbogbo pánẹ́ẹ̀lì jọ, a ó fi fóòtì bátìrì pín in, a ó sì fi ìdámẹ́rin rẹ̀ lé e kí àyè má baà há. Mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara mi.

Nígbà náà ni bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ránṣẹ́ pè mí sí Ìwàrà, pé kí n wá ṣe iná sólà sílé àwọn. Oníṣòwò aṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì máa ń wo ènìyàn bíi pé wọ́n ń wọn aṣọ. Wọn kò tíì dáhùn sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa, gbogbo wa la sì mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni wọ́n fẹ́ fi wò mí. Pánẹ́ẹ̀lì ọgọ́rin wáàtì kan ṣoṣo ni wọ́n sọ lórí fóònù, nítorí náà kọ̀ntírólà áńpù mẹ́wàá ni mo gbé dání. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù díẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Mo gun òrùlé, mo so pánẹ́ẹ̀lì náà, inú mi dùn. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ni Bàbá fa méjì mìíràn irú rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ wọn kan fi ránṣẹ́ láti Èkó.

"So àwọn yìí mọ́ ọn," ni wọ́n wí, "kí uná pọ̀ nínú ulé mi."

Òjìlélúgba wáàtì, ká fi fóòtì méjìlá bátìrì pín in: ogún áńpù, kí a tó fi ìdámẹ́rin lé e. Orí mi ṣírò rẹ̀ kíá, ẹnu mi ni kò gbọ́. Ta ni í sọ pé rárá nílé àna? Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó wá tọrọ ọmọ gbé ọlọ rù, yóò ní ó fúyẹ́. Mo ní, "Kò sí wàhálà, sà. Ó máa gbé e." Mo sì so méjèèjì mọ́ ọn.

Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín nígbà tí wọ́n gbé iyán fún mi. Ọmọbìnrin náà, olùkọ́ ìṣirò ni, gbé omi ìṣanwọ́ sílẹ̀, ó sì rọra bi mí pé, "Ṣé ohun tó gba mẹ́wàá lo ń rọ ogún sí?" Mo ní kó lọ wá ẹran sí i. Òkèlè kẹta ni mo gbé tí òórùn ọ̀rá jíjó dé.

"Ọbẹ̀ ló ń jó," ni mo wí.

"Ọbẹ̀ wà níwájú rẹ," ni Bàbá fèsì.

Èéfín ti ń rú lára ògiri. Mo sáré lọ já wáyà, iyán ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé mo mọ̀ pé kò ní gbà á, pé ẹ̀rù wọn ló bà mí. Bàbá bi mí léèrè pé:

"Lọ́jọ́ tí àìsàn bá mú ọmọ mi nínú ulé rẹ, tí mo bá bèèrè, ṣé 'kò sí wàhálà' náà lo máa wí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n padà wá nígbà tí mo bá mọ bí a ti ń sọ pé rárá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo gbé ti ọgbọ̀n áńpù wá, mo so ó dáadáa. Bàbá wò ó, wọ́n sì nawọ́ sí fíríìjì ńlá kan. "So èyí náà mọ́ ọn."

"Rárá, sà," ni mo wí. "Bátìrì yìí kò lè gbé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì pe ọmọ wọn pé kó wá jókòó tì mí.

Ọmọ méjì la ti bí báyìí, iná náà sì ń tàn. Ṣùgbọ́n Bàbá ti fi ìṣó kọ́ kọ̀ntírólà tó jó yẹn sí pálọ̀. Bí àlejò bá bèèrè, wọ́n á ní, "Ẹrù àkọ́kọ́ tí àna mi fi fẹ́ ọmọ mi nìyẹn." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí irọ́ níbẹ̀.