Ìdajì Hóró Oògùn Màmá Mi

Nígbà tí ọkọ̀ tí màmá mi wọ̀ láti Lọ́kọ́ja dojú dé, wọn ò fara pa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò kúrò lọ́kàn wọn. Bí wọ́n bá ti fẹ́ wọ mọ́tò báyìí, àyà wọn á máa já. Dókítà kan ní Kàbbà fún wọn ní oògùn tó ń mú ọkàn balẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lo ìdajì hóró tí wọ́n bá fẹ́ sùn.

Àbúrò wọn obìnrin wá kí wa láti Ògìdì, ó sì gbé àgbo tí wọ́n fi ọtí líle rẹ dání.

Ó kí wọn ní ìkíni ìlú wa, ó ní, "Òkun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lo odindi hóró, kí ẹ fi àgbo yìí lé e, ẹ ó sùn dáadáa."

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Dókítà ní oògùn yìí àti ọtí ò gbọdọ̀ pàdé nínú mi, pé mo lè sùn kí n má jí mọ́. Ìdajì yẹn ti tó mi."

Àbúrò wọn gbé àgbo rẹ̀ padà sínú àpò, ó sì bọ́ sí ilé ìdáná.

Nígbà tí ara wọn yá, màmá mi fẹ́ pa oògùn náà tì lójijì. Dókítà ní rárá, díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa dín in kù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lásìkò iṣu tuntun, a jọ wọkọ̀ lọ sí Ògìdì. Màmá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ oko, inú mi sì ń dùn.