Bọ́tìnì Tí Mo Fi Pamọ́

Òórùn tòmátì tó ti ń rọ̀ máa ń gòkè wá bá wa láti ọjà Mile 12 tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síhà Ìkòsì, á wá dàpọ̀ mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ẹ̀yìnkùlé. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì wa, èmi àti ọ̀gá mi nìkan la wà níbẹ̀. Ìwọ náà á rántí ayé ìgbà yẹn, nígbà tí ẹnikẹ́ni tó bá ti lè kọ kóòdù díẹ̀ ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn yẹn láàárọ̀. Lónìí, tí mo bá gbóòórùn tòmátì bẹ́ẹ̀, ṣe ni inú máa ń bí mi.

Ilé-ìwé aládàáni kan ní Alápẹ̀rẹ̀ ló ní ká ṣe ojú ewé tí àwọn tíṣà á máa kọ máàkì ìdánwò sí. Obìnrin tó ni ilé-ìwé náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mummy, là á mọ́lẹ̀ fún wa pé tí tíṣà bá ti kọ máàkì tán, kò gbọdọ̀ lè yí i padà mọ́. Mummy fúnra wọn àti akọ̀wé wọn nìkan ló láṣẹ ìyẹn. Ọ̀gá mi ní kí n fi bọ́tìnì àtúnṣe pamọ́ fún àwọn tíṣà, ó tán. Mo ní kò tó. Ojú wọn nìkan la fi bọ́tìnì pamọ́ fún. Ojú ewé àtúnṣe fúnra rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, ẹni tó bá sì ní àdírẹ́sì rẹ̀ á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà dúró, ló yẹ kó máa bi ẹni tó bá dé bóyá ó láṣẹ.

"Tíṣà lásán-làsàn ni wọ́n," ọ̀gá mi fèsì. "Ta ló fẹ́ mọ̀ nínú wọn? Jọ̀ọ́, client ń dúró."

Mo fi bọ́tìnì pamọ́, a sì gbé iṣẹ́ fún wọn.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ilé-ìwé yẹn, lórí tábìlì akọ̀wé, gbogbo tíṣà ló sì ń tò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà a sì máa rántí ibi tí ẹni tó lò ó kẹ́yìn dé. Bí tíṣà kan ṣe jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan nìyẹn, ó tẹ lẹ́tà méjì síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí, kọ̀ǹpútà sì gbé àdírẹ́sì tí akọ̀wé lò láàárọ̀ wá fún un. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi wọlé o, síbẹ̀ kò sí ohun tó dá a dúró. Ó fi ogójì máàkì kún ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dìde.

Nígbà tí wọ́n rí i pé máàkì yẹn kò bá ìwé ìdánwò ọmọ náà mu, ìbéèrè kan péré ni Mummy béèrè: ta ló ń rí bọ́tìnì yẹn? Akọ̀wé ni. Ará ìhà Ọ̀yọ́ ni akọ̀wé yìí, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀ láìmu omi tútù. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní àwọn kọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Mummy lé wọn, lójú gbogbo tíṣà, wọ́n sì pe akọ̀wé ní oníjìbìtì.

Ọ̀gá mi gbọ́ lórí fóònù, ara tù ú. "Ṣé o rí i? Èèyàn wọn ló ṣe é."

Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ewé tí a ò tì yẹn ni. Ó ní kí n má ba orúkọ wa jẹ́ o. Inú bí mi, àmọ́ mo dákẹ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gba Alápẹ̀rẹ̀ lọ láìdágbére fún ọ̀gá mi. Mo ní kí tíṣà kan ṣáà fi orúkọ rẹ̀ wọlé, mo wá tẹ àdírẹ́sì yẹn níṣojú Mummy. Ojú ewé ṣí gbayawu.

Mummy yọ awò ojú wọn. "So, ẹnikẹ́ni ló lè wọ ibẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni, ma."

Kí ilé-ìwé tó parí lọ́jọ́ náà, ẹni tó ṣe é ti jẹ́wọ́. Mummy ránṣẹ́ sí akọ̀wé pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Akọ̀wé dé lọ́jọ́ kejì, èmi náà wà níbẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn kò jókòó. Èmi ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe Mummy.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀?"

"Kí a tó gbé e wá síbí, Aunty."

Wọ́n mi orí. Wọ́n kó ife tíì àti bàtà ọ́fíìsì wọn kúrò lábẹ́ tábìlì, wọ́n rọra bọ́ síta, wọn kò sì padà wá mọ́.

Mo fi ọ̀gá mi sílẹ̀ lóṣù yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bínú sí i, tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan. Nísinsìnyí, sáfà ni mo kọ́kọ́ máa ń jẹ́ kó béèrè àṣẹ kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan, àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo le jù. Wọn ò mọ̀ pé akọ̀wé yẹn kò béèrè ọ̀gá mi rárá. Èmi ni wọ́n bi, nítorí ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ẹnu mi ló sì dákẹ́.