Ààbọ̀ Típà Òkúta, láti Fàràńdà dé Géètì

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kò tóbi: bí mo ṣe ṣírò òkúta gíránáìtì tí a ó tẹ́ sí ojú ọ̀nà inú ọgbà wa ní Ìbàfò kí òjò tó dé. Bí a bá ní kí màmá mi sọ ọ́, tirẹ̀ yóò yàtọ̀ sí tèmi, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé tèmi ló tọ̀nà.

Ilẹ̀ àbàtà ni ilẹ̀ àdúgbò wa. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni gbogbo àyè tó wà láàárín fàràńdà wa àti géètì. Lọ́dún tó kọjá, màmá mi yọ̀ ṣubú níbẹ̀ tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, kò sì jáde mọ́ títí òjò fi lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, kò lè tẹ ẹrẹ̀ bákan náà. Orúnkún ló ń yọ òun lẹ́nu. Láti orí fàràńdà ni àwọn méjèèjì ti ń juwọ́ síra wọn. Mo pinnu pé kò ní rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí.

Mo fi téèpù wọn gígùn ọ̀nà náà, mo wọn ìbú tí yóò gba èèyàn pẹ̀lú ọ̀pá, mo sì bi bíríkìlà bí òkúta náà yóò ṣe nípọn tó. Ó ní kí n má fi ṣahun, nítorí ẹrẹ̀ yóò gbé ti ìsàlẹ̀ mì. Mo sọ gígùn di púpọ̀ pẹ̀lú ìbú, mo tún fi ìnípọn sọ ọ́ di púpọ̀, mo sì fi díẹ̀ kún un fún èyí tí yóò rì. Ó jẹ́ ààbọ̀ típà. Bíríkìlà náà ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó bá tèmi mu.

Mo rántí pé màmá mi jókòó ní fàràńdà nígbà tí mò ń wọn ilẹ̀, pé ó bi mí bóyá mo ti ka ti ìta mọ́ ọn. Ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni mo fi ìbéèrè yẹn sí i lẹ́nu.

Típà kò lè gba géètì wa kọjá, nítorí náà ìta ló da òkúta sí. Òkúta tó bá sì ti wà níta ládùúgbò wa ní òfin tirẹ̀: aládùúgbò á kí ọ kú iṣẹ́, á tọrọ hẹ́dìpáànù kan tàbí méjì láti fi dí kòtò ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A kì í kọ̀ fún un. Ìwọ náà yóò tọrọ lọ́jọ́ kan. Mo ti ka ìyẹn náà mọ́ díẹ̀ tí mo fi kún un. Ohun tí n kò kà ni màmá mi. Mo lọ sí Àgbàdo lọ́jọ́ tí wọ́n ń tẹ́ ẹ, nígbà tí mo sì dé, òkúta ti wà láti ẹnu ilẹ̀kùn Àlàájà, ó sọdá òpópónà, ó wọ géètì wa, ó sì tán sídìí igi àgbálùmọ̀. Láti ibẹ̀ dé fàràńdà, ẹrẹ̀ ni.

Bíríkìlà ní màmá mi ló ní kí àwọn ti ọ̀dọ̀ Àlàájà bẹ̀rẹ̀. Mo bi màmá mi pé kí ló dé.

“Ìwọ lo ní kí n lè máa jáde,” ó ní. “Ọ̀nà tó dúró ní géètì, ta ni mo fẹ́ lọ kí níbẹ̀? Géètì?”



Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, Àlàájà wá. Ó rìn dé ìdí igi, ó dúró, ó wo ẹrẹ̀ tó kù, ó sì wo èmi.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ó ké sí màmá mi, “ọmọ rẹ ti sin mí dé ìdí àgbálùmọ̀. Ṣé kí n máa fò bọ̀ ni?”

Màmá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dìde. Mo gbé àga fún Àlàájà sórí òkúta, mo tún mú téèpù, mo wọn ohun tó kù. Kò pọ̀.

Ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa ti da òkúta síwájú ilé rẹ̀ láti àná. Mo gbé hẹ́dìpáànù, mo lọ kí i kú iṣẹ́.