Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Bàbá Sàlámì Pàdánù ní Kóòtù

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó sídìí máìkì ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Madina, àdúgbò kan ní Accra, ohùn mi gbọ̀n débi pé ìyá mi tó ń ta ọṣẹ lọ́jà rò pé ibà ló ń ṣe mí. Èdè Yorùbá la fi ń ṣe ètò náà fún àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alata níbẹ̀. Èmi ni mo ń ka ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Bí mo bá kà á tán, Bàbá Sàlámì á gba máìkì, á sì tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún àwọn olùgbọ́.

Bàbá Sàlámì ti gbé Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀ṣọ́ ló ṣe ní kóòtù kan níbẹ̀, kó tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Abossey Okai. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń fi erin ṣe àmì lọ́hùn-ún ni tirẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé òbí ló yẹ kó tọ́ ọmọ, kì í ṣe ìjọba. Ó tún gbà pé bí òfin ṣe wà nílẹ̀ ni kí adájọ́ tẹ̀ lé e.

"Bí òfin kan ò bá dára," á ní, "ẹ dìbò fún ẹni tó máa yí i padà. Adájọ́ kì í ṣe aṣòfin."

Èmi kì í fara mọ́ ọn nígbà gbogbo, mo sì máa ń ta kò ó lórí afẹ́fẹ́. Ó fẹ́ràn ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó kígbe pé, "Ẹgbẹ́ erin ti wọlé!" láì dárúkọ Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ ńlá kan wà ní Ghana níbí tó ń fi erin ṣe àmì pẹ̀lú. Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, àwọn kan ti ń jó níta, àwọn mìíràn sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ta ló rán wa ní kámpéènì. Láti ọjọ́ náà ni máníjà wa ti pàṣẹ pé a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹranko kankan láì sọ ìlú tó ń gbé.

Ìgbà tó wá le gan-an ni ìgbà tí ẹgbẹ́ Bàbá pàdánù ìdìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gba kóòtù lọ. Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ni Bàbá ń ṣàlàyé ẹjọ́ náà. Ó dá a lójú pé wọ́n á jàre. Alhaji Làmídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà wà ní Abossey Okai, máa ń pè wá lórí fóònù láti kín in lẹ́yìn.

Ìròyìn ìdájọ́ dé bí ètò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Mo kà á tán, mo wo Bàbá. Lórí rédíò, ìdákẹ́jẹ́ bani lẹ́rù ju àṣìsọ lọ. Mo ti ń wá orin tí n ó fi sí i nígbà tó sún mọ́ máìkì.

"Ẹgbẹ́ mi ló pàdánù," ó ní. "Mo ti ka ẹ̀rí tí wọ́n kó lọ. Mo fẹ́ kó tó, àmọ́ kò tó. Àwọn adájọ́ tẹ̀ lé òfin."

Fóònù dún. Alhaji Làmídì ni.

"Sàlámì, ta ló rà ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó rà mí."

"Ọ̀dàlẹ̀ làwọn adájọ́ yẹn!"

"Làmídì, ẹgbẹ́ wa ló yan méjì nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ń dá èyí tó wù wá, akọni la pè wọ́n."

"O ti tà wá." Ó gé fóònù náà.

A jáde ní ilé iṣẹ́ rédíò náà. Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí gan-an, Ràfíátù. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí mo bá borí nìkan ni mo ń bọ̀wọ̀ fún kóòtù, a jẹ́ pé irọ́ ni mo ti ń pa fún yín."

Alhaji Làmídì kò kí i mọ́. Mọ́sáláṣí kan náà ni wọ́n ń lọ, àmọ́ ó kúrò ní sàfù, ìlà tí wọ́n jọ máa ń dúró sí láti kírun. Bàbá ń bọ̀ lórí ètò bó ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Alhaji Làmídì wọlé, tòun ti Kofi, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Alhaji. Kofi ní pákó tí Alhaji fi fa àtẹ rẹ̀ síwájú ti gba ojú ọ̀nà òun.

"Ìwọ ni mo fẹ́ kó dá ẹjọ́ yìí," Alhaji sọ fún Bàbá. Kò wò ó lójú. "Gbogbo ayé ló gbọ́ bí o ṣe sọ òtítọ́ nípa ẹgbẹ́ ara rẹ; bí o bá ní mo jàre, kò sẹ́ni tó máa sọ pé torí ọ̀rẹ́ ni."

Bàbá bá wọn lọ. Ó wo ibẹ̀, ó ní kí Kofi sọ tẹnu rẹ̀, ó ní kí Alhaji sọ tirẹ̀.

"Làmídì," ó ní, "ìwọ lo jẹ̀bi."

Mo rò pé ìjà mìíràn tún dé nìyẹn. Àmọ́ Alhaji bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òòlù lábẹ́ àtẹ, ó sì ń yọ ìṣó lára pákó náà fúnra rẹ̀. Pákó náà gùn ju ohun tí ẹnì kan lè dá gbé lọ. Bàbá ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó di ìkángun kejì rẹ̀ mú.

"Rọra o," Alhaji sọ fún un. "Ìṣó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ̀ rẹ."