Ọjọ́ tí Mervyn Trezise Ti Páìpù Bọ Oúnjẹ Ọ̀gá Rẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Mervyn Trezise ní ìlú Whyalla ní Ọsirélíà, ọ̀rọ̀ páì ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rántí. Jacinta Radloff, tí wọ́n jọ ń ṣàyẹ̀wò irin nínú yàrá kan náà, mọ̀ pé ọwọ́ òun wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe páìpù epo fún ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé aláìsàn kúrò ní aṣálẹ̀. Inú páìpù náà há, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí ojú irin ṣe dán tó kò lè wọ̀ ọ́. Ńṣe ni wọ́n máa ń la ọ̀kan, wọn a ri ìlàjì kan mọ́ inú oje dúdú títí yóò fi le, wọn a dán an, wọn a sì fi máíkírósíkóòpù ya á ní fọ́tò. Irin a funfun, oje a dúdú; ibi tí wọ́n ti pàdé ni etí irin, tó rí págunpàgun bí òkè téèyàn ń wò lókèèrè. Kòtò tó bá jìn níbẹ̀, ibẹ̀ ni irin ti máa ń sán. Ọwọ́ ni Mervyn fi ń fa ìlà tọ etí náà lórí fọ́tò. Jacinta kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa fa ìlà náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí páìpù kan kùnà nínú àyẹ̀wò, ọ̀gá wọn, Ross Penhall, ní kí Jacinta jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú ìlà náà tẹ́jú díẹ̀ kó tó wọ̀n ọ́n. Ó ṣe é. Páìpù yege. Mervyn wo fọ́tò, ó rí i pé ìlà gba orí kòtò kọjá bí ẹní gun afárá.

Ó mú ìlàjì kejì páìpù náà, èyí tí wọn kò rì sínú oje, ó wá Penhall lọ síbi tí òun àti oníbàárà ti ń jẹun ọ̀sán, ó sì gbé irin náà nàró sínú páì ọ̀gá rẹ̀.

“Fi èékánná họ inú rẹ̀ wò,” ló wí.

“Merv, a ń jẹun.”

“Àwọn tí wọ́n máa gbé sínú ọkọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé àwọn kì í jẹun ni?”

Oníbàárà ló họ ọ́. Èékánná rẹ̀ há sínú kòtò irin náà. Wọ́n tún gbogbo páìpù náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Mervyn jókòó, ó jẹ páì náà tán, ó ní oúnjẹ kò ṣẹ òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọjú sí Jacinta. Jacinta ní ọ̀gá ló rán òun.

“Ṣé ọ̀gá náà ló ni ojú ẹ ni?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Jacinta, nítorí òótọ́ ni. Ó tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó máa fi àwọ̀ pupa fa ìlà tó wọ̀n gan-an sórí fọ́tò, kójú gbogbo ayé tó o. Mervyn wò ó, ó pòṣé. Ẹni tó bá mọ Mervyn yóò mọ̀ pé oríyìn ni.

Kì í ṣe pé kì í ṣàṣìṣe. Ó ti rò rí pé irin kan sán, ó dá iṣẹ́ gbogbo ilé dúró, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Jacinta nu irin náà: irun ológbò ni. Mervyn kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kejì ni Lorraine, ìyàwó rẹ̀, tẹ ilé iṣẹ́ láago láti béèrè ohun tí ológbò àwọn ṣe tí baálé ilé ò fi bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó kú, Penhall ló sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú. Ó ní onísùúrù ni Mervyn, ó ní ẹni jẹ́jẹ́ ni, tí kì í gbóhùn sókè. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Inú bí Jacinta débi pé kò mọ ìgbà tó dìde.

“Ross, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó le koko. Kò sí ọjọ́ tí kò bá mi jà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.”

Penhall ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e. Jacinta ṣì wà lórí ìdúró. Lorraine, tó ń nu ojú, sún díẹ̀ lórí ìjókòó, ó fọwọ́ lu àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Jacinta lọ jókòó síbẹ̀.